Kòkòrò Tí Kò Gbóògùn Mọ́: Ṣé Ewé Lè Ká A?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, Apòògùn. Ẹni ọdún 58 ni mí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìtọ̀ ti ń ta mí bí ẹni pé wọ́n fi ata sí i, tí mi ò sì lè jìnnà sí ilé ìtọ̀. Oògùn tí mo lò nígbà àkọ́kọ́ jẹ́. Nígbà kejì, ara tù mí díẹ̀ ni. Ti ẹ̀ẹ̀kẹta yìí, kò ṣe nǹkan kan. Dókítà ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ìtọ̀, èsì sì jáde pé bakitéríà kan tó ń jẹ́ E. coli ni. Wọ́n kọ orúkọ oògùn mẹ́jọ sórí ìwé náà: R ló wà níwájú márùn-ún, S níwájú mẹ́ta. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ ló kàn báyìí, abẹ́rẹ́ sì ń bà mí lẹ́rù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá ní kí n má wulẹ̀ dá ara mi lóró, pé òun mọ àgbo kan tó ń fọ ìtọ̀, àti pé kòkòrò kì í mọ ewé bó ṣe ń mọ oògùn òyìnbó. Ó tún fi ìròyìn kan hàn mí lórí fóònù pé àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti fi ewé pa kòkòrò tí oògùn ò rí pa. Ṣé òótọ́ ni? Ṣé mo lè mu àgbo yẹn dípò abẹ́rẹ́, àbí kí n lo méjèèjì pọ̀? Tàbí kí n gbé e lọ sí láàbù kí wọ́n dán an wò lára kòkòrò mi gan-an?

ÌDÁHÙN

Màmá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kí n tó fẹnu kan ọ̀rọ̀ ewé, ẹ jẹ́ ká padà sórí ìwé èsì yẹn, torí ibẹ̀ ni ìrànlọ́wọ́ tó sún mọ́ yín jù wà. R túmọ̀ sí pé kòkòrò náà kò gbọ́ ti oògùn yẹn mọ́. S túmọ̀ sí pé ó ṣì ń gbọ́. Ẹni tó bá rí R márùn-ún, márùn-ún yẹn ni ojú rẹ̀ máa ń lọ, ọkàn rẹ̀ á sì pami. S mẹ́ta yẹn ni kí ẹ mú dání lọ bá dókítà, kí ẹ bi í bóyá nitrofurantoin tàbí fosfomycin wà nínú wọn. Oògùn àtijọ́ ni méjèèjì; láti 1953 ni wọ́n ti ń lo nitrofurantoin. Ẹnu ni wọ́n ń gbà lò wọ́n fún irú àìsàn tí ẹ kọ̀wé nípa rẹ̀ yìí, ọ̀pọ̀ E. coli tó ti kọ etí ikún sí àwọn oògùn tó dé lẹ́yìn wọn ló sì ṣì ń gbọ́ tiwọn. Ó ṣeé ṣe kí ẹ bọ́ lọ́wọ́ abẹ́rẹ́ láìmu àgbo kankan.

Dókítà lè sọ pé rárá, ìdí rẹ̀ sì yẹ kó yé yín. Nitrofurantoin kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín a yára kó o dà sínú ìtọ̀, inú àpò ìtọ̀ ló sì ń pọ̀ sí. Nítorí náà ó dára fún kòkòrò tó wà nínú àpò ìtọ̀, ṣùgbọ́n tí kòkòrò bá ti gòkè wọ ẹran ara kíndìnrín, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni kò bá ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀ mu. Ẹ fi ohun méjì yìí sọ́kàn, torí òun náà ni mo fẹ́ fi wọn àgbo ẹ̀gbọ́n yín: ibi tí oògùn ń dé, àti iye rẹ̀ tó ń dé ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n yín ní kòkòrò máa ń mọ oògùn. Ìyẹn sún mọ́ òótọ́ ju ohun tí ọ̀pọ̀ aláìsàn ń sọ fún mi lọ, pé “oògùn yẹn ti mọ́ mi lára.” Ara yín kò yí padà o, kòkòrò ló yí padà. E. coli tó bá rí oúnjẹ àti ooru tó tẹ́ ẹ lọ́rùn lè di méjì láàárín 20 ìṣẹ́jú. Nínú àìmọye bẹ́ẹ̀, ọ̀kan á ṣèèṣì yàtọ̀ díẹ̀. Oògùn á pa àwọn tó kù, èyí tó yàtọ̀ á sì jogún ilé. Wọ́n tún máa ń ta ara wọn lọ́rẹ, kòkòrò kan á fi ọgbọ́n tirẹ̀ lé èkejì lọ́wọ́ bí ẹni yá aládùúgbò ní kọ́kọ́rọ́. Àwọn kan ń gé oògùn já kó tó ṣiṣẹ́. Àwọn kan ń pa ibi tí oògùn máa ń dì mú dà. Àwọn kan ní páǹpù lára, tó ń fa oògùn dà síta bó ṣe ń wọlé, bí ẹni ń gbọ́n omi jáde nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń jò. Ìṣirò kan tí ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé jáde ní 2022 fi yéni pé ní ọdún 2019 nìkan, nǹkan bíi mílíọ̀nù 1.27 èèyàn ló kú káàkiri ayé nítorí pé bakitéríà tó mú wọn kò gbóògùn.

Èyí tí mi ò lè bá ẹ̀gbọ́n yín gbà ni pé kòkòrò kì í mọ ewé. Kẹ́míkà ló wà nínú ewé, kẹ́míkà ló wà nínú oògùn oníhóró. Páǹpù ara bakitéríà kì í béèrè bóyá inú igbó ni kẹ́míkà ti wá tàbí inú ilé iṣẹ́. Ká tiẹ̀ sọ ọ́ bó ṣe rí, bakitéríà àti ewé ti ń bá ara wọn jà tipẹ́tipẹ́ kí èèyàn tó dáyé, oró ewé kì í ṣe àjèjì sí wọn.

Ohun kan tún wà tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu. Ewé kọ́ ló bí àǹtíbáyọ́tíìkì, ìyẹn oògùn tó ń pa bakitéríà. Penicillin tí Alexander Fleming ṣàkíyèsí ní 1928, ara olú wẹ́wẹ́ tó máa ń hù lára nǹkan tó bá ti bà jẹ́ ló ti wá. Streptomycin tí wọ́n rí ní 1943, ara bakitéríà inú erùpẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni tetracycline. Nínú àwọn àǹtíbáyọ́tíìkì tí dókítà ń kọ fún àkóràn inú ara lónìí, kò sí èyí tó jẹ́ ti ewé. Mi ò sọ èyí láti fi ewé wọ́lẹ̀. Èèpo igi cinchona ló fún wa ní quinine, ewé foxglove ló fún wa ní digoxin tí wọ́n ń lò fún ọkàn, ara òdòdó poppy ni morphine ti wá. Àìsàn mìíràn ni gbogbo wọn ń tọ́jú, kì í ṣe ti bakitéríà.

Nínú ìtàn wọn, ti artemisinin ló wù mí jù, ó sì kan ọ̀rọ̀ wa. Ní Ṣáínà, Tu Youyou àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá oògùn ibà lára àwọn ewé tí àwọn àgbà ti kọ sílẹ̀. Ewé kan ń jẹ́ lónìí, lọ́la kò ní jẹ́. Ó wá ka ohun tí oníṣègùn ayé àtijọ́ kan, Ge Hong, kọ ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn: ó ní kí wọ́n rẹ ewé náà sínú omi, kí wọ́n fún un, kí wọ́n mu ún. Kò sọ̀rọ̀ sísè. Obìnrin náà ro ó pé bóyá iná ló ń ba ohun inú rẹ̀ jẹ́, ó fi ether, omi kẹ́míkà kan tó ń hó láìgba ooru púpọ̀, yọ ọ́, nígbà tó sì di 1971, ohun tó yọ náà pa kòkòrò ibà tán lára eku àti ọ̀bọ. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 2015. Ewé kan náà ni látìbẹ̀rẹ̀ o. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ló sọ ọ́ di oògùn, nítorí náà nígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi pé “ewé yìí ń pa kòkòrò,” ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè ni pé: báwo ni wọ́n ṣe ṣe é, èló lèèyàn ń mu, ibo ló sì ń dé?

Ẹ wá jẹ́ ká lọ sórí ìròyìn inú fóònù yẹn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òótọ́ pọ́ńbélé, kó má sì wúlò fún yín. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á gbin bakitéríà sínú àwo pẹlẹbẹ, wọ́n á kán omi ewé sí ojú kan, wọ́n á sì padà wá wò ó lọ́jọ́ kejì bóyá ojú ibẹ̀ mọ́. Èmi náà ti ṣe é nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́. Sípíríìtì ni mo fi yọ ohun inú ewé tèmi. Lọ́jọ́ kejì, ibi tí mo kán an sí mọ́ roro, inú mi dùn débi pé mo ti ń ro orúkọ tí n ó sọ oògùn mi. Olùkọ́ mi bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo: “Sípíríìtì lásán ńkọ́, ṣé o kán òun náà sínú àwo mìíràn?” Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo wá ṣe é, sípíríìtì lásán pa wọ́n fínnífínní, láìsí ewé nínú rẹ̀. Mi ò gbàgbé ìtìjú ọjọ́ yẹn.

Tí èèyàn ò bá tiẹ̀ ṣe irú àṣìṣe tèmi, ọ̀rọ̀ iye ṣì kù. Àǹtíbáyọ́tíìkì tó dára sábà máa ń dá bakitéríà dúró pẹ̀lú máíkírógíráàmù díẹ̀ nínú mìlílítà omi kan, ìgbà mìíràn kò tó ẹyọ kan. Omi ewé tí a kò tíì yọ ohun inú rẹ̀ sọ́tọ̀ sábà máa ń nílò ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú rẹ̀, tàbí ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Nínú àwo, kò sí wàhálà, ẹ lè da iye tó wù yín sí i. Nínú èèyàn, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín á ti bàjẹ́ kí iye yẹn tó pé.

Ẹ wo aáyù. Allicin ni ohun inú rẹ̀ tó ń pa kòkòrò, ṣùgbọ́n ẹyọ aáyù tó wà lódindi kò ní allicin nínú. Ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ fọ́ ni ohun méjì tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú rẹ̀ pàdé, tí allicin sì jáde pẹ̀lú òórùn rẹ̀ tó le. Àwọn onímọ̀ kẹ́míkà méjì, Cavallito àti Bailey, yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní 1944. Nínú àwo, akọni ni. Ó ń pa Staphylococcus aureus, kòkòrò tó ń fa eéwo àti egbò kíkẹ̀, títí kan irú rẹ̀ tí kò gbóògùn. Ṣùgbọ́n ohunkóhun tí allicin bá kọ́kọ́ pàdé ló máa ń lẹ̀ mọ́. Ẹni tó bá jẹ aáyù tútù, wọn kì í rí allicin nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó ti tán sọ́nà. Ẹ wá sọ bó ṣe máa dé àpò ìtọ̀. (Orí awọ àti egbò yàtọ̀, torí ibẹ̀ lèèyàn lè fi oògùn lé kòkòrò lórí tààrà. Ìdí nìyẹn tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń lo oyin tí wọ́n dìídì pèsè fún ìṣègùn, tí kò sí kòkòrò nínú rẹ̀, lójú egbò kan.)

Síbẹ̀, ká ní wọ́n ní kí n fi owó ara mi sórí ìwádìí kan, ewé ni n bá fi sí. Kì í ṣe nítorí pé ó ń pa kòkòrò. Igi kékeré ẹlẹ́gùn-ún kan wà tí wọ́n ń pè ní Berberis. Nínú rẹ̀ ni berberine wà, ohun pupa rúsúrúsú tó korò. Lára Staphylococcus, agbára berberine kò tó nǹkan, torí páǹpù kan tó ń jẹ́ NorA ń fà á dà síta. Ní 2000, àwọn onímọ̀ tó wà pẹ̀lú Frank Stermitz àti Kim Lewis rí nǹkan mìíràn nínú igi yìí kan náà, 5'-methoxyhydnocarpin. Tí ẹ bá da òun nìkan sí kòkòrò, kò ṣe é ní nǹkan kan. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń dí páǹpù yẹn, berberine á wá ráyè ṣiṣẹ́. Igi náà ti ṣe àpòpọ̀ oògùn kí ilé ìwé àwọn apòògùn tó wà. Irú ọgbọ́n yìí náà ló wà nínú amoxicillin tí wọ́n pò mọ́ clavulanic acid, tí ọ̀pọ̀ yín ti lò rí: èkejì ń dá ọwọ́ tó fẹ́ gé àkọ́kọ́ dúró.

Ní 2015, Cassandra Quave àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Emory ní Amẹ́ríkà gbé iṣẹ́ tiwọn jáde lórí ewé igi chestnut. Kò pa Staphylococcus rárá. Bakitéríà yìí máa ń fi kẹ́míkà ránṣẹ́ síra wọn. Tí wọ́n bá ti mọ̀ pé àwọn ti pọ̀ tó, wọ́n á da oró wọn sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun inú ewé yẹn di wọ́n lẹ́nu, wọn ò gbúròó ara wọn, wọn ò sì da oró. Torí pé kò pa wọ́n, èrò àwọn olùwádìí ni pé kò ní kó wọn láyà jẹ débi tí wọ́n á fi tètè wá ọgbọ́n mìíràn. Mo gbà pé ibẹ̀ ni ọ̀nà wà, kí ewé máa ran oògùn lọ́wọ́, kó máa gba ohun ìjà lọ́wọ́ kòkòrò. Inú àwo àti lára eku ni èyí ṣì wà. Kò tíì dé orí pẹpẹ àwa apòògùn.

Ẹ sì rí i pé Staphylococcus ni gbogbo ìtàn yìí dá lé. E. coli tiyín kì í ṣe ẹbí rẹ̀. Ó tún wọ agbádá kan lé ara èyí tó wà nísàlẹ̀, agbádá ọlọ́ràá tí ọ̀pọ̀ kẹ́míkà ewé ò lè gbà kọjá, èyí tó bá sì ráyè kọjá, páǹpù á gbá a síta. Nígbà mìíràn tí ìròyìn bá tún dé pé ewé pa kòkòrò tí kò gbóògùn, ẹ kọ́kọ́ wo orúkọ kòkòrò tí wọ́n pa.

Lórí ìtọ̀ gan-an, ewé méjì wà tí wọ́n ti dán wò lára èèyàn dáadáa. Cranberry, èso pupa kéékèèké kan, ní ohun tó ń jẹ́ kí E. coli má rí ara àpò ìtọ̀ dì mú. Àgbéyẹ̀wò Cochrane ti 2023 kó ọ̀pọ̀ ìwádìí jọ, ó sì rí i pé láàárín àwọn obìnrin tí àìsàn yìí ń padà ṣe, ó dín in kù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Dídènà ló ń dènà. Kòkòrò tó ti wọlé jókòó, kò lè lé e jáde. Èkejì ni uva-ursi, ewé igi kékeré kan. Òun yàtọ̀ sí aáyù, torí ohun inú rẹ̀ ń dé inú ìtọ̀ lóòótọ́. Wọ́n fi í wé fosfomycin ní Jámánì láàárín àwọn obìnrin tí ìtọ̀ ń ta. Àwọn tó fi ewé bẹ̀rẹ̀ kò lo àǹtíbáyọ́tíìkì tó àwọn yòókù, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìrora tiwọn pọ̀ jù, kíndìnrín sì kó àkóràn lára wọn ju ti ẹgbẹ́ kejì lọ. Ó dé ibẹ̀, bóyá iye rẹ̀ ni kò tó.

Ti pé kí ẹ lo méjèèjì pọ̀: ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é láìjẹ́ kí dókítà mọ̀. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n sábà máa ń fún ẹni tí èsì rẹ̀ rí bíi tiyín lè jẹ́ gentamicin tàbí amikacin, àwọn méjèèjì sì ń ni kíndìnrín àti etí lára, tí wọ́n fi ń wọn iye wọn gidigidi. Ẹni tó bá da ohun tí kò mọ orúkọ rẹ̀ lé e lórí, kíndìnrín rẹ̀ ló ń fi ta tẹ́tẹ́. Ní Bẹ́ljíọ̀mù ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin kan ń lo kápúsù ewé kí wọ́n lè fọn. Orúkọ ewé méjì jọra ní èdè Ṣáínà, ni wọ́n bá fi Aristolochia sí ipò Stephania. Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún obìnrin ni kíndìnrín wọn bà jẹ́, àwọn míì tún ní jẹjẹrẹ lẹ́yìn náà. Ewé mìíràn kì í ṣe oró rárá, ṣùgbọ́n ó ń ba oògùn míì jẹ́: St John's wort máa ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ tètè lo oògùn tán, débi pé oògùn ẹ̀jẹ̀ dídì, ti ìfètòsọ́mọbíbí àti ti HIV kì í ṣiṣẹ́ tó bó ṣe yẹ. Tí ẹ bá ti mu nínú àgbo náà ṣáájú kí lẹ́tà mi tó dé, ẹ má tijú. Ẹ sọ fún wọn, kí ẹ mú orúkọ ewé tó wà nínú rẹ̀ dání. Inú wa kì í bàjẹ́ sí ẹni tó bá sọ òótọ́.

Ìbéèrè yín nípa láàbù dára gan-an, mo sì mọ ìdí tí ẹ fi béèrè. Ṣùgbọ́n wọn ò ní lè bá yín ṣe é. Iye oògùn tí wọ́n ń lò nínú àwo yẹn, wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n sì mọ iye rẹ̀ tó ń dé inú ẹ̀jẹ̀ tàbí ìtọ̀ èèyàn tó bá lò ó. Láti inú ìṣirò yẹn ni S àti R ti jáde. Àgbo kò ní irú ìṣirò bẹ́ẹ̀. Bí ojú àwo bá tiẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá S ni tàbí R.

Ní báyìí, tí ibà bá bẹ̀rẹ̀, tí òtútù ń gbọ̀n yín, tí ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn ń dùn yín nísàlẹ̀ ìhà, tí ẹ ń bì, tàbí tí àwọn ará ilé bá rí i pé ọ̀rọ̀ ẹnu yín kò já gaara mọ́, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn gan-an ni o, abẹ́rẹ́ tàbí kò sí abẹ́rẹ́. Tí kò bá sí ìkankan nínú wọn, ẹ lọ béèrè nípa nitrofurantoin àti fosfomycin. Ẹ tún béèrè nípa ìpara estrogen tí wọ́n ń fi sí ojú ara: fún obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró, ó ń dín pípadà wá àìsàn yìí kù. Tí oògùn bá sì jẹ́, tí ìtọ̀ kò ta yín mọ́, ẹ má tún gbé ìtọ̀ lọ fún àyẹ̀wò kí ọkàn yín kàn lè balẹ̀. Wọ́n lè rí E. coli níbẹ̀ tí kò ṣe yín ní nǹkan kan. Ní irú ọjọ́ orí yín, bí ara kò bá ti ni yín, wọn kì í sábà tọ́jú rẹ̀, oògùn tí ẹ bá sì lò sí i lásán lè sọ ọ̀kan nínú S mẹ́ta yẹn di R.